Wọ́n ń tọ́jú ìsoríkọ́, wọ́n fi àṣetúnṣe sílẹ̀: Ìtọ́jú ààbọ̀ kò lè wo ará Rẹ́mọ sàn

Bí ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru bá jọ wà lára èèyàn kan, kò sí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ tí yóò fún un ní oògùn ibà nìkan kó sì ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìsàn tó jẹ mọ́ ọkàn ni, irú ìtọ́jú ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, pàápàá jù lọ nígbà tó bá jẹ́ pé àìsàn méjì ló kó wọnú ara wọn, ọ̀kan tí gbogbo èèyàn ń rí, ìkejì tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń fi pamọ́. Èyí tí wọ́n ń rí ni ìsoríkọ́, ìyẹn ìbànújẹ́ tó ti wọra, tí kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn oúnjẹ, oorun tàbí ìjókòó ẹbí. Èyí tí wọn kì í rí ni àìsàn tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní Obsessive-Compulsive Disorder, tí wọ́n gé kúrú sí OCD. Ní èdè Yorùbá, èèyàn lè pè é ní àìsàn àṣetúnṣe.

Ẹsẹ̀ méjì ni àìsàn àṣetúnṣe fi ń rìn. Èkíní ni èrò tó ń já wọ inú ọkàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ọwọ́, pé ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, pé iná sítóòfù kò tíì kú, tàbí kó jẹ́ èrò burúkú kan nípa Ọlọ́run tàbí nípa ọmọ ẹni, èyí tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Ìkejì ni ohun tí èèyàn ń ṣe láti fi lé èrò náà lọ: á fọwọ́, á tún un fọ̀, á padà sẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà mẹ́wàá, á ka nǹkan, á tún un kà, á tún àdúrà kan náà gbà nítorí ó rò pé ti àkọ́kọ́ kò pé. Ara yóò tù ú díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí èrò náà yóò fi tún dé, tí yóò sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó rárá. Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò ní àìsàn kankan. Ohun tí àwọn dókítà ń wò ni bóyá àṣetúnṣe náà ń gbà ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, tàbí bóyá ó ti ń ba iṣẹ́ àti ilé èèyàn jẹ́.

Ká fi obìnrin kan tó ń ta obì ní Ṣàgámù ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà. Gbogbo ará Rẹ́mọ ló mọ bí òwò obì ṣe rí: èèyàn á bó o, á ṣà á, á kà á, á dì í fún àwọn tó ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Obìnrin yìí ti ka obì rẹ̀, ó pé. Bó ṣe fẹ́ di apẹ̀rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti rẹ́ oníbàárà jẹ láìmọ̀. Ó tú u palẹ̀, ó tún un kà. Ó pé. Ọkàn rẹ̀ kò gbà. Nígbà tí yóò fi kà á lẹ́ẹ̀keje, oníbàárà ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, gbèsè ti wọlé, ojú sì ń tì í láti lọ sọ́jà. Ó wá jókòó sílé, kò jẹun dáadáa mọ́, ó ń dá sunkún.

Ìgbà yìí ni àwọn ará ilé tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Wọ́n ní òwò tó dẹnu kọlẹ̀ ló fà á, àwọn mìíràn ní ayé ló ń bá a jà. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó da òwò náà rú gan-an. Òun náà kò sì ní sọ, nítorí ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu kéèyàn ka obì kan náà nígbà méje. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò pè é ní wèrè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe wèrè. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní àìsàn yìí ló mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe kò nídìí, wọn kò kàn lè dáwọ́ dúró ni, ìtìjú tó sì ń bẹ nínú ìyẹn ló ń mú kí wọ́n máa fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ilẹ̀ tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí bíi Rẹ́mọ, ẹ̀sìn ni àìsàn yìí sábà máa ń wọ̀ bí ẹ̀wù. Mùsùlùmí kan lè máa tún àlùwàlá ṣe títí àkókò ìrun yóò fi kọjá, nítorí kò dá a lójú pé omi kan ìgúnpá rẹ̀. Àwọn àlùfáà mọ nǹkan yìí dáadáa. Ròyíròyí ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá ń ṣe má ṣe tẹ̀ lé e. Ó lé ní 1,000 ọdún tí ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní 934, ti kọ̀wé nípa èrò tí kì í fi ọkàn sílẹ̀, tó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́. Ní ti àwọn Kristẹni, àwọn àgbàlagbà tó ka Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yóò rántí John Bunyan tó kọ ọ́. Bunyan yìí kan náà kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1666, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ bí èrò burúkú nípa Olúwa ṣe ń já lu ọkàn òun tọ̀sán tòru láìjẹ́ pé òun fẹ́ ẹ, àti bí ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá ṣe tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lè sọ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò nígbàgbọ́. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run jù gan-an ni irú èrò yìí máa ń dà láàmú.

Àìsàn méjèèjì yìí kì í fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, fi hàn pé nǹkan bí èèyàn 2 nínú 100 ni àìsàn àṣetúnṣe máa ń ṣe nígbà kan láyé wọn, àti pé nínú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 41 nínú 100 ni ìsoríkọ́ tó le ti ṣe rí. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá èèyàn 4,984 sọ̀rọ̀, fi hàn pé nǹkan bí 12 nínú 100 ló ti ní ọ̀kan tàbí òmíràn nínú àwọn àìsàn ọkàn rí. Èyí tó yẹ kó ba èèyàn nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé nínú àwọn tí àìsàn náà le fún, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún kan tó ṣáájú ìwádìí náà.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òyìnbó amúnisìn tilẹ̀ ti fìgbà kan rò pé ìsoríkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe aláwọ̀ dúdú. Ní 1953, dókítà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, J. C. Carothers, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tó sì sọ níbẹ̀ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwé ìwádìí tiwọn jáde lórí àwọn Yorùbá tó ń gbé ní agbègbè Abẹ́òkúta. Wọ́n rí àmì ìsoríkọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn abúlé tí wọ́n dé. Àwọn ará abúlé mọ àmì wọ̀nyí bí wọ́n bá ṣàpèjúwe wọn fún wọn, orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò fi pè é ni kò sí.

Lambo yìí, ọmọ Abẹ́òkúta tó padà di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO láti 1973 sí 1988, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò ní 1954 tí gbogbo ayé fi wá ń kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wa. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn náà ká, ó sì ní kí ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń wá gba ìtọ́jú, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà sí abúlé. Ìpínlẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ibi tí aláìsàn yóò ti máa rí ìtọ́jú ààbọ̀.

Ìtọ́jú àìsàn àṣetúnṣe fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nira láti ṣe. Ní 1966, onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Victor Meyer kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn méjì tí ìtọ́jú mìíràn kò ràn lọ́wọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó mú wọn sún mọ́ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe àṣetúnṣe tí wọ́n fi ń lé ẹ̀rù náà lọ. Ara àwọn méjèèjì yá gan-an. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún ìlànà yìí ṣe, òun sì ni ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu tí ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lágbára jù fún àìsàn yìí títí di òní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn àti olùtọ́jú yóò jókòó, wọn yóò kọ gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bà á sílẹ̀, wọn yóò sì tò ó bí àkàbà, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó le jù. Obìnrin olóbì yẹn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obì ogún péré. Yóò kà á lẹ́ẹ̀kan, yóò dì í, kò ní tú u. Ẹ̀rù yóò bà á, àyà rẹ̀ yóò máa já, ọwọ́ yóò máa yún un láti tún un kà. Olùtọ́jú kò ní sọ fún un pé ó pé. Wọn yóò kàn jókòó pọ̀, wọn yóò máa béèrè lọ́wọ́ ara wọn bí ẹ̀rù náà ṣe tó nínú 100. Ó lè wà ní 80 lákọ̀ọ́kọ́, kó di 70, kó di 50, títí tí yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ka obì kankan. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń kọ́ nìyẹn: ẹ̀rù dà bí omi tó ń hó, àṣetúnṣe sì ni igi tí wọ́n ń kì sí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá fa igi náà jáde, omi yóò tutù. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é nílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gun àtẹ̀gùn kejì. Ó sábà máa ń gbà tó ìjókòó 12 sí 20 kí iṣẹ́ náà tó parí.

Ó yẹ kí ohun kan yé gbogbo ẹbí. Aláìsàn gbọ́dọ̀ fara mọ́ ìtọ́jú yìí. Kì í ṣe pé kí ẹ̀gbọ́n lọ fipá gba búútà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe àlùwàlá, tàbí kí ọkọ ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ pa mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú, ìyà ni.

Ibi tí ìsoríkọ́ ti ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé gígun àkàbà ń fẹ́ agbára àti ìrètí, ohun méjì yìí gan-an sì ni ìsoríkọ́ ń jí lọ. Ẹni tí kò rí ìdí tó fi yẹ kó dìde lórí ibùsùn kò ní lè jókòó ti ẹ̀rù fún ogójì ìṣẹ́jú. Yóò ní, "Kí ló tún kù tó máa dáa?" Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó ṣáájú, àti èyí tó wúwo jù lónìí. Bó bá jẹ́ pé àṣetúnṣe ló ba òwò jẹ́ tí ìsoríkọ́ fi wọlé, tí aláìsàn sì ṣì lè ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀, àṣetúnṣe ni kí wọ́n dojú kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìsoríkọ́ máa ń fúyẹ́ bí àṣetúnṣe bá ti ń dín kù. Ṣùgbọ́n bí ìsoríkọ́ náà bá wúwo débi pé kò lè jẹun, kò lè wẹ̀, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbé e dìde: oògùn, àti àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó wẹ̀ láàárọ̀, kó jókòó sí ìta fún ìdajì wákàtí, kó kí aládùúgbò kan, kó dé ọjà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí agbára bá ti padà díẹ̀, wọn yóò wá gbé àkàbà kalẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ó ti ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí pé ó sàn kí òun má sí láyé, ọ̀rọ̀ àkàbà kò tíì yá. Ilé-ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n sì kó oògùn apakòkòrò oko kúrò nílé. Bíbi èèyàn léèrè bóyá ó ń ro ikú kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Ó sábà máa ń tu aláìsàn lára pé ẹnì kan bi òun.

Ní ti oògùn, irú kan náà ni wọ́n ń lò fún àìsàn méjèèjì: fluoxetine, sertraline, àti clomipramine tó ti pẹ́ jù wọ́n lọ. Ìyàtọ̀ tó ń pa èèyàn lára wà nínú ìwọ̀n àti àkókò. Ẹni tó ní ìsoríkọ́ nìkan lè rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré. Àìsàn àṣetúnṣe sábà máa ń fẹ́ ìwọ̀n tó ju ìyẹn lọ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 12 kí èèyàn tó mọ̀ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí dókítà kò bá mọ̀ pé àṣetúnṣe wà níbẹ̀, yóò fún aláìsàn ní ìwọ̀n ìsoríkọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, aláìsàn yóò ní oògùn òyìnbó kò ṣiṣẹ́ fún òun, yóò sì dà á nù. Dókítà nìkan ló lè yí ìwọ̀n oògùn padà, kì í ṣe aláìsàn, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oògùn tó ń mú èèyàn sùn, bíi Valium àti Lexotan, tí àwọn kan ń rà láìsí ìwé dókítà, kì í wo àṣetúnṣe sàn. Wọ́n ń pa ẹ̀rù lójú fún wákàtí mélòó kan ni, wọ́n sì lè sọ èèyàn di ẹrú wọn.

Ọgbọ́n Lambo tún wúlò níhìn-ín, ó kàn jẹ́ pé ó yí padà díẹ̀ ni. Nínú àìsàn àṣetúnṣe, ẹbí wà lára ìwòsàn, ẹbí sì wà lára ohun tó ń bọ́ àìsàn. Ọkọ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ ka obì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ọmọ tó ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti tì í, Mọ̀mí" lógún ìgbà lálẹ́ kan, àbúrò tó ń pọn omi kún omi nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wẹ̀ fún wákàtí méjì, ìfẹ́ ló ń ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n ń kì sí ìdí omi gbígbóná náà. Olùtọ́jú ní láti pè wọ́n, kó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n dá a dúró lójijì bí ẹni ń bínú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan pásítọ̀ àti àlùfáà pẹ̀lú, bóyá ó tilẹ̀ kàn wọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni aláìsàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tó ní kí àdúrà dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìjọ kan bá ń wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lójoojúmọ́, tí pásítọ̀ sì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé Ọlọ́run ti darí jì í, pásítọ̀ ti di apá kan àṣetúnṣe náà láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlùfáà tí wọ́n ń fóònù ní gbogbo ìgbà láti béèrè bóyá àlùwàlá àná pé. Kí wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan, dáadáa, kí wọ́n sì fi ẹni náà mọ̀nà ilé-ìwòsàn. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń so irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìtúsílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń dá sí aláìsàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹ̀sìn bo irú ìwà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kò jókòó lásán. Láti 2011 ni ilé-ìwòsàn Àrò ti bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé bí wọn yóò ṣe máa dá àìsàn ọkàn mọ̀ tí wọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ohun tó yẹ kéèyàn yin ìjọba lé lórí ni. Ìsoríkọ́ wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé atọ́nà WHO tí wọ́n gbé ètò náà kà kò ní orí kankan tó jẹ́ ti àìsàn àṣetúnṣe. Èyí fi hàn pé nọ́ọ̀sì tó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ gẹ́lẹ́ lè rí ìsoríkọ́ obìnrin olóbì yẹn, kó tọ́jú rẹ̀, kó má sì mọ̀ láéláé pé obì kan wà tó ń kà lẹ́ẹ̀meje. Àléébù tó yẹ kí Abẹ́òkúta tètè dí nìyí, kò sì ní ná wọn lówó púpọ̀.

Àwọn kan yóò ní níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí olùtọ́jú fún Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ̀rù, Ìṣarà àti Òde-Rẹ́mọ, nígbà tí àwọn dókítà ọpọlọ kò tó nǹkan ní gbogbo Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kó lọ sí òkè òkun. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti Ṣàgámù dé Abẹ́òkúta lé ní 50 kìlómítà, àgbẹ̀ wo ló sì máa san owó ọkọ̀ lọ, kó san ti àbọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta?

Ọ̀nà wà. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní ìlú Manchester ní England gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn àṣetúnṣe 72. Wọ́n tọ́jú àwọn kan lójúkojú, wọ́n fi tẹlifóònù tọ́jú àwọn yòókù. Èyí tí wọ́n fi tẹlifóònù ṣe kò rẹlẹ̀ sí ti ojúkojú. Àgbẹ̀ tó wà ní abúlé ní fóònù lọ́wọ́ lónìí. Ní Zimbabwe, láti 2006, Dókítà Dixon Chibanda ti kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlera, kí wọ́n máa bá àwọn tó ní ìsoríkọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa bá wọn wá ojútùú sí ìṣòro wọn. Nígbà tí wọ́n dán an wò láàárín èèyàn 573 ní ìlú Harare, àbájáde tó jáde ní 2016 fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ dín kù gan-an lára àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń fún èèyàn tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í ṣe ti àṣetúnṣe, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí kì í ṣe dókítà lè ṣe ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu bí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa tí ọ̀gá kan sì ń mójú tó o. Nọ́ọ̀sì àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kò wọ́n ní Rẹ́mọ. Kí Àrò kọ́ mélòó kan nínú wọn bí wọ́n ṣe ń gun àkàbà náà pẹ̀lú aláìsàn, kí ọ̀gá wọn ní Abẹ́òkúta máa fi fóònù bá wọn tẹ̀ lé e. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ wà ní Ṣàgámù, ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ibi tí wọ́n lè fi ṣe ibùdó irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà.

Òfin pàápàá ti wà lẹ́yìn irú ètò yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin wèrè ti ayé àwọn òyìnbó, èyí tó ti wà nílẹ̀ láti 1916. Òfin tuntun náà fẹ́ kí ìtọ́jú sún mọ́ àwọn èèyàn ládùúgbò wọn. Ó kù sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n fi owó sí i, nítorí òfin kì í fún èèyàn ní ìtọ́jú.

Kí gbogbo ìyẹn tó dé, ohun kan wà tí nọ́ọ̀sì kankan kò ní láti dúró de ìjọba kó tó ṣe. Ní 2005, àjọ NICE tó ń ṣe atọ́nà fún àwọn dókítà ní Ìlú Ọba sọ pé kí wọ́n máa bi ẹnikẹ́ni tó bá ní àmì ìsoríkọ́ ní ìbéèrè tààrà nípa àṣetúnṣe, nítorí kò ní dá a sọ. Ní èdè Yorùbá, nọ́ọ̀sì lè béèrè pé: Ṣé ẹ máa ń fọ nǹkan tàbí ara yín ju bó ṣe yẹ lọ, Mà? Ṣé ẹ máa ń padà lọ yẹ nǹkan wò léraléra? Ṣé èrò kan wà tó ń dà yín láàmú, tí ẹ fẹ́ kó lọ tí kò lọ? Ṣé àwọn iṣẹ́ òòjọ́ yín máa ń pẹ́ kí wọ́n tó parí? Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́ bí nǹkan kò bá tò gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́? Ṣé èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí ń dà yín láàmú? Kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, kí àwọn tó tẹ̀ lé aláìsàn wá ti jáde síta ná, kó sì kọ ìdáhùn sínú káàdì aláìsàn kí dókítà tó kàn lè rí i.